Àwọn Ọlọ́lá Alábẹ̀bẹ̀

Mo kan sáárá sí àwọn ọlọ́lá alábẹ̀bẹ̀ ti Washington. Láti alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2025, tí Ààrẹ Donald Trump ń bá ilé aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Democrat sì jókòó pẹ̀sẹ̀ tí wọ́n na abẹ̀bẹ̀ dúdú sókè sí i, ni mo ti gbà pé àtakò ti di iṣẹ́ ọnà. Wọ́n kọ ọ́ sí òmíràn pé irọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sí òmíràn pé kí wọ́n gba Medicaid, ètò ìlera àwọn tálákà, là, òmíràn sì ní Musk, olówó tó ń bá Trump gé ìnáwó ìjọba kù, ń jalè. Ààrẹ ń sọ̀rọ̀ lọ, abẹ̀bẹ̀ ń gòkè, abẹ̀bẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ooru dín fún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi abẹ̀bẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ kan pàdánù ipò ààrẹ, ó pàdánù Ilé Aṣòfin Àgbà, kò sì rí Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà, gbogbo rẹ̀ nínú ìdìbò kan ṣoṣo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Wọn kò ní ṣàì ti ṣèpàdé. Ẹnì kan kò ní ṣàì ti dìde ní ìpàdé náà tó ní òun ti rí ojútùú, kí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kó wá ní abẹ̀bẹ̀ ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò ti jiyàn lórí àwọ̀ tó yẹ kó ní kí wọ́n tó fẹnu kò sí dúdú. Ẹnì kan ló gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹnì kan ló kà á lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa ku ẹnì kankan kù. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn tó gba eléyìí tó ní irọ́ ni, nítorí bí Ààrẹ bá kí gbogbo ilé pé ẹ káalẹ́ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n gbé e sókè lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wò ó bóyá ilẹ̀ ti ṣú lóòótọ́? Mo tún ń ronú nípa ibi tí àwọn abẹ̀bẹ̀ náà wà báyìí. Bí wọ́n bá ṣì wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ń fi wọ́n fẹ́ná ẹran lẹ́yìnkùlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ṣe aráyé láǹfààní.

Àwọn obìnrin wọn wọ píǹkì lálẹ́ ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wọ funfun ní ọdún 2019 àti 2020. Aṣọ ẹbí pé pérépéré. Ẹ má bínú bí ẹnu mi bá le lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, nítorí ìdílé kan tí n kò ní dárúkọ ta léèsì fún mi ní owó tó lè bọ́ ilé mi fún oṣù kan, mo wọ̀ ọ́ dé òde ìnáwó, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ra aláwọ̀ ewé ni ìrẹsì wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́jọdá kì í ṣe ẹwà rárá, ó wà kí alásè lè mọ ẹni tó máa bù fún láìwo ojú. Ti Washington kò sì yàtọ̀. Bí o bá ti rí àwọ̀ aṣọ, o ti mọ ẹni tó máa pàtẹ́wọ́, o ti mọ ẹni tó máa ká ọwọ́ gbera, o sì lè pa tẹlifíṣọ̀n rẹ kí o lọ sùn.

Al Green, aṣòfin ẹni ọdún 77 láti Texas, ni kò gba abẹ̀bẹ̀ gbọ́. Ó dìde, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi mú un jáde. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ilé dìbò láti bá a wí, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìbáwí náà. Ẹ ò rí i pé abẹ̀bẹ̀ lérè ju ẹnu lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn Republican tó wà ní apá kejì sàn jù. Ọ̀rọ̀ Ààrẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ìṣẹ́jú, wọ́n sì ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dìde, tó fi jẹ́ pé àánú eékún àwọn àgbàlagbà mìíràn nínú wọn ṣe mí. Ní ọdún 2009, nígbà tí Obama ń sọ̀rọ̀ nípa ètò ìlera nínú ilé kan náà, Joe Wilson láti South Carolina pariwo mọ́ ọn pé irọ́ lò ń pa. Ó tọrọ àforíjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó tí àwọn olólùfẹ́ dá fún un ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, owó tí àwọn tí inú ń bí sì dá fún alátakò rẹ̀ náà ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Èébú ẹyọ kan ló pa iye náà wọlé. Ta ni yóò tún wá máa fi òógùn ojú kọ àbádòfin?

Ṣùgbọ́n ọ̀gá pátápátá tí mo máa ń júbà ni Mitch McConnell, ọ̀gá tí kò nílò aṣọ tàbí abẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 2012, nígbà tó jẹ́ olórí àwọn Republican tó wà ní àtakò nílé Aṣòfin Àgbà, ó ní kí ilé dìbò lórí àbádòfin kan tó máa fún Ààrẹ láyè láti gbé òṣùwọ̀n gbèsè ìjọba, ìyẹn iye tí ìjọba lè yá, sókè, nítorí ó gbà pé àwọn Democrat kò ní lè kó ìbò jọ, kí ojú lè ti Obama. Harry Reid, olórí wọn, lọ ka ènìyàn rẹ̀, ó padà wá, ó ní ó dára, kí á dìbò. McConnell dìde, ó ní rárá o, irú ọ̀rọ̀ ńlá báyìí kò gbọ́dọ̀ kọjá láìní ìbò 60 nínú 100. Ohun tó gbé wá fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ló gbógun tì kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ kò sì pọ́n, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2016, Antonin Scalia, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, kú. Kí ọjọ́ náà tó pé, McConnell ti ní àwọn ará ìlú ni yóò fi ìbò wọn yan ẹni tó máa yan adájọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ìdìbò ṣì ku oṣù mẹ́jọ àti ààbọ̀ ó lé. Obama dárúkọ Merrick Garland fún àga náà, Ilé Aṣòfin Àgbà kò tilẹ̀ pè é wá jókòó kí wọ́n bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Lindsey Graham, aṣòfin àgbà Republican, ní bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí Ààrẹ Republican, kí a fi ọ̀rọ̀ òun mú òun. Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ ilé ẹjọ́ kan náà, kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n sì ti fọwọ́ sí Amy Coney Barrett, ẹni tí Trump yàn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́jọ. Graham yìí kan náà ni alága ìgbìmọ̀ tó gbà á wọlé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú un lóòótọ́, kò jọ pé ó rò ó.

Àwọn Democrat ń ké pé ìwà àìlójútì ni, òótọ́ sì ni, àmọ́ àwọn náà ti yí orin padà láàárín ọdún mẹ́rin yẹn: ní 2016 wọ́n ní ó pọn dandan kí àga kún, ní 2020 wọ́n ní kí àga ṣófo. Nígbà tí Obama jẹ́ aṣòfin ní 2005, ó gbèjà ìlànà tó ń jẹ́ kí àwọn tó kéré fi ọ̀rọ̀ dí àwọn tó pọ̀ lọ́nà. Ní 2020, níbi ìsìnkú John Lewis, aṣòfin tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ní àjẹkù ayé ìyà àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìlànà náà. Ní 2006 ó dìbò pé kí wọ́n má ṣe gbé òṣùwọ̀n gbèsè sókè fún Bush, àfìgbà tó gorí àga náà ló wá ní àṣìṣe ni.

N kò lè yìn wọ́n mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin àbádòfin ẹnubodè, èyí tó fẹ́ dín àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ kù, ni ìyìn tán lẹ́nu mi. Àwọn Republican ní àwọn kò ní fún Ukraine lówó àfi bí òfin ẹnubodè bá le sí i. Wọ́n yan James Lankford láti Oklahoma, tí kò sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀rẹ́ Democrat, ó jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó kó ohun tí wọ́n béèrè wá. Trump ní kí wọ́n má gbà á, ó ní bó bá forí ṣánpọ́n kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru òun, nítorí bí ẹnubodè bá tòrò, kí ni yóò fi polongo ìbò? Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 2024, ìbò 49 ló gbà á, 50 ló kọ̀ ọ́, àwọn tó béèrè rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó pa á. Ìwà ọmọlúàbí wo nìyẹn? Ẹ béèrè nǹkan, wọ́n gbé e fún yín, ẹ wá ń bínú pé ó dé!

Ìbínú mi sì ju bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn tí abẹ̀bẹ̀ wọn ń pariwo irọ́. Peter Meijer ti Michigan wà lára àwọn Republican mẹ́wàá tó dìbò ní 2021 láti fi ẹ̀sùn ìyọnípò kan Trump lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ya wọ ilé aṣòfin. Ó fi ipò rẹ̀ wéwu. Nígbà ìdìbò abẹ́lé 2022, ìgbìmọ̀ ìpolongo àwọn Democrat ná ohun tó ju 400,000 dọ́là lọ lórí ìpolówó tó gbé John Gibbs lárugẹ, ẹni tó ní wọ́n jí ìbò 2020, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ni yóò rọrùn láti dà. Gibbs dá Meijer mọ́lẹ̀, Hillary Scholten ti Democrat sì dá Gibbs mọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ pé ìjọba àwa-ara-wa ń kú lọ ni wọ́n fowó ra ọ̀tá rẹ̀ lọ́jà, kí wọ́n lè rí ìjókòó kan sí i. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n pe èyí? Ọgbọ́n?

Mo kéré ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi níwájú rédíò, tó na ìka sókè kí ẹnikẹ́ni má mí. Barry Goldwater, Hugh Scott àti John Rhodes, Republican ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ bá Ààrẹ Nixon nílé ìjọba pé kò sí ìbò tó lè gbà á là mọ́ lọ́wọ́ ìyọnípò lórí ọ̀ràn Watergate, lálẹ́ ọjọ́ kejì ó kéde pé òun ń lọ. Bàbá mi ní àgbà wà lọ́jà wọn. Nígbà tí Nàìjíríà fi ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ tó gba ti Amẹ́ríkà ní 1979, ìtàn yìí ló fi ń pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Kì í sì í dárúkọ Strom Thurmond, aṣòfin àgbà láti South Carolina, tó dúró sọ̀rọ̀ fún wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 ní 1957 kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Bóyá kò gbọ́, bóyá kò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, bí irú Goldwater bá wà lónìí, ìdìbò abẹ́lé tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò fi lé e sílé.

Ẹ̀rù ìyẹn sì ni gbogbo rẹ̀, torí wọ́n ti gé ẹkùn ìdìbò mọ́ ara wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò bẹ̀rù ẹgbẹ́ kejì rárá. Ní ọdún 2025, Texas tún ẹkùn ìdìbò gé láìdúró de ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ kí ìjókòó márùn-ún lè kún ti Republican. Àwọn aṣòfin Democrat ibẹ̀ sá lọ kí ilé má lè jókòó, wọ́n ní àwọn ń sá fún ìrẹ́jẹ, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá lọ ni Illinois, níbi tí Trump ti rí ju ìdá 40 nínú 100 ìbò lọ ní 2024, tí àwọn Democrat sì gé ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa débi pé Republican mẹ́ta péré ló wà nínú aṣojú 17 rẹ̀! California náà fi ìbò ti ìgbìmọ̀ olómìnira tó ń gé ilẹ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oṣù Kọkànlá, kí àwọn náà lè rí márùn-ún tiwọn.

Wọ́n ti ìjọba pa, ìyẹn ni pé wọn kò fọwọ́ sí owó tó máa ná, fún ọjọ́ 16 ní 2013 nítorí àwọn Republican kò fẹ́ òfin ìlera Obama, àwọn Democrat sì ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìjọba dógò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn Democrat kò dìbò fún ìnáwó àfi bí ìrànwọ́ owó ìlera lábẹ́ òfin kan náà bá ń bá a lọ, àwọn Republican sì ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìjọba dógò. Ọjọ́ 43 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń darí ìrìn ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, títí ìjọba fi ní kí wọ́n dín ìrìn ọkọ̀ kù ní pápákọ̀ 40. Owó oúnjẹ àwọn tálákà há. Nígbà tó yá, aṣòfin àgbà mẹ́jọ láti apá Democrat yà kúrò, ìlérí pé wọn yóò dìbò lórí ìrànwọ́ náà ni wọ́n sì rí gbà. Ilé Aṣojú-ṣòfin ti wà nílé láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, wọn kò padà dìbò títí di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n dá owó oṣù tiwọn dúró, ẹ jẹ́ kí n kí wọn. Ti àwọn yòókù ń wọlé déédéé.