Ara Rẹ̀ Yá, Àmọ́ Ẹ Má Gba Oògùn Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní ìpàdé ẹbí wa ní Kubwa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí ike oògùn nínú báàgì àbúrò mi obìnrin, wọ́n sì bi í níwájú gbogbo wa pé, "Ṣebí ara rẹ ti yá? Kí lo tún ń mu èyí sí?" Kí ó tó lanu, àwọn kan ti ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi: pé bí ìsoríkọ́ bá ti lọ, ẹni tó ṣì ń lo oògùn rẹ̀ ti di ẹrú oògùn.

Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn kó àbájáde ìwádìí 31 jọ, lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 4,400 tí oògùn ti mú ìsoríkọ́ wọn fúyẹ́. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa bá oògùn wọn lọ, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kankan nínú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yí oògùn wọn padà, 41 ni àìsàn náà tún kì mọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá a lọ, 18 péré ni. Ẹ tún nọ́ńbà méjèèjì kà kí ẹ tó ní kí ọmọ yín da oògùn nù. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ní kí aláìsàn lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ara bá ti yá, tí ẹni tó ti ń ṣe léraléra sì ń lò ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kẹwàá rèé tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí ẹni tó pe àwọn ní ẹrú.

Ti owó, ti pé ó ń di bárakú, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá já oògùn náà lójijì, orí lè máa yí i, oorun rẹ̀ sì lè dàrú. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò lò ó títí ayé, àmọ́ ìpàdé ẹbí kọ́ ló ń pinnu ìyẹn.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí (àbúrò mi ló ní kí n kọ ọ́). Ní ọdún 2019, èmi ni mo sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yá, kí a fi owó oògùn san owó ilé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò wẹ̀ mọ́, kò gbé fóònù mọ́, òru ni mo sì gbé e láti Kubwa lọ sí ilé ìwòsàn ní Gwagwaládà, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ra oògùn náà níparí oṣù, mo sì ń bi í bóyá ó sùn, torí oorun rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dàrú.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo bu omi fún un, ó lo oògùn rẹ̀ lójú gbogbo wọn.