Bàbá Ògì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di Bàbá Ògì ní ìlú Manchester, èmi tí mi ò lọ ògì rí láyé mi.

Ọmọ mi obìnrin ló dá a sílẹ̀. Ó ní bí òun bá yege ìdánwò, ológbò lòun fẹ́. Mo ní kò burú, ológbò mélòó ló ń rìn gbẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tẹ́nikẹ́ni ò bi í lówó? Àṣé ti ibí ní ìran, ó ní ìwé. Irú tí wọ́n ń pè ní Bengal ló fẹ́. £1,000! Mo ṣírò ẹ̀ sí náírà, mo rọra jókòó. Màlúù lowó yẹn ń rà nílé, a ó sì pín ẹran kárí àdúgbò.

Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó gbówó lórí báyìí lára ẹ̀. Wọ́n ní Jean Mill, obìnrin kan ní California, ló da ẹ̀jẹ̀ ológbò igbó ilẹ̀ Éṣíà pọ̀ mọ́ ti ológbò ilé láti 1963. Ọdún 1986 ni TICA, ẹgbẹ́ tó ń fi orúkọ ológbò sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí, igbó ṣì wà lójú wọn, ó di ìran kẹrin kí wọ́n tó kà wọ́n sí ẹran ilé. Ìran kẹrin! Èmi tó fi ọdún mẹ́wàá wá ìwé ìgbélùú, tí mo rò pé kò sẹ́ni tójú ẹ̀ rí tó tèmi.

Ọjọ́ tó dé, a ṣí àpótí, ó yọ ẹsẹ̀ kan bí ọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àmì roboto-roboto kún ara ẹ̀, irun ẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n bu wúrà lílọ̀ sí i. Ẹnu mi kàn ṣí fúnra ẹ̀: “Ògìdán! Olólà ijù tí í kọlà láìlábẹ!” Ọmọ mi ní, “Daddy, orúkọ ẹ̀ nìyẹn.” Bó ṣe gba oríkì ẹkùn lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará igbó tí wọ́n ní ó ti ṣẹ̀ wá yẹn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ológbò ilé lọ.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ológbò ń sá fómi. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ògìdán. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo ń wẹ̀, ọṣẹ wà lójú mi, nǹkan kan já bọ́ sínú omi lẹ́sẹ̀ mi. Mo ké “Jésù!” débi tí ìyàwó mi fi sáré gbé ìgbálẹ̀. Mo lajú, ọ̀gá ń fọwọ́ gbá omi, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo já wọ balùwẹ̀ ẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀rọ omi báyìí. Títì ni kò mọ̀.

Panla ńkọ́? Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù. Ó fò láti ilẹ̀ sórí fìríìjì, ó fi èékánná fa ilẹ̀kùn, ó gbé panla lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ó ń ké lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó àjọ. Dókítà ẹranko ní agbára ẹ̀ ló pọ̀, bí a ò bá bá a ṣeré, yóò wá iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Kọ́tìnnì wa méjèèjì ti rí iṣẹ́ náà. Ó ní ká so okùn mọ́ ọn, ká máa mú un rìn.

Èmi, ọmọ Ìbàdàn, mò ń fa ológbò lókùn nínú òjò. Ọdún méje tí mo fi gbé àdúgbò yẹn, aládùúgbò kì í kí mi ju pé kó mi orí. Ọjọ́ tí Ògìdán jáde, òyìnbó kúnlẹ̀! Ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí nílùú yìí, ológbò ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n bi mí lórúkọ ẹ̀. “Ògìdán.” Ẹnu wọn ò gbé e. Wọ́n gé e kù sí “Ogi”, èmi náà sì di bàbá Ogi. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, ó parí. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ní ti bàbà.

Màmá mi rí i lórí fóònù.

“Àkànní, ẹkùn lẹ gbé sílé?”

“Rárá o, Màmá, ológbò ni.”

“Ológbò wo ló ń wọ aṣọ àràn? Ta ló rán an sí yín?”

Mo fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, mo bá ṣàlàyé pé ẹran òfin ni, pé láti oṣù kẹfà 2024 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ológbò ilé ní England ní nǹkan kékeré kan lábẹ́ awọ, tí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn lè tó £500.

“Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?”

“Tèmi ni, Màmá.”

“Wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi, wọ́n fi sínú ológbò! Yéè!”

Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kẹrin mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ ẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ògìdán gbé imú lé fóònù, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè wọ́n, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Wọ́n ní Ọlọ́run á wò ó. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Ògìdán.