Atukọ̀ Orí Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ ti rí wọn, àwọn tó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ sójú òkun. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n lò lórí omi, wọ́n sì ti dé fìlà funfun tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ya ìdákọ̀ró sí níwájú. Láti ìgbà náà la ò ti sinmi mọ́. Atẹ́gùn kékeré báyìí, wọn a gbójú sókè bí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, wọn a ní, "Àwa tí a mọ òkun, ó níye ohun tójú wa ti rí." Kí lojú rí? Ẹ bi wọ́n pé apá ibo loòrùn ti ń yọ nígbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀. Wọn a ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ̀bi wọn nìkan kọ́ o. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti fi gbogbo ọgbọ́n orí wọn wá bí ọmọ èèyàn yóò ṣe wà lójú òkun tí kò ní fojú kan òkun. Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024 gùn tó mítà 365, ó ga ní àjà 20, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ méje ló sì wà nínú rẹ̀. Méje! Wọ́n gbé omi gun orí omi, kí ẹni tó wá wo omi lè rí omi wọ̀. Lọ́dún 2009, Oasis of the Seas ti gbé tirẹ̀ dé: ọgbà tó ní igi àti òdòdó gidi láàárín ọkọ̀. Wọ́n wá kọ́ yàrá yí ọgbà náà ká, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, ọgbà lọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kọjú sí. Ẹni tó sanwó kó lè sùn lójú òkun a jí láàárọ̀, a yọjú síta, a máa wo ibi tí aládùúgbò rẹ̀ sá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sí. Ohun tó ń wò nílé náà kúkú nìyẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé rárá. Nínú Quantum of the Seas, lọ́dún 2014, wọ́n gbé ojú tẹlifíṣọ̀n gàgàrà kan sára ògiri irú yàrá bẹ́ẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, kámẹ́rà tó wà níta sì ń fi òkun hàn nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ gan-an. Òkun ń bẹ lẹ́yìn irin níbẹ̀ yẹn, ìwọ ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá sú ọ, o pa á. Nínú gbogbo ìyà tó jẹ àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́, mi ò gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn rí ibi tí wọ́n ti ń pa òkun.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òkun ní ibi tó ń lọ. Ní July 1952, ọkọ̀ United States la Òkun Àtìláńtíìkì já ní ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 40, torí àwọn tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ tètè dé. Àwọn olówó wọn náà ń ṣe fáàrí, wọn kì í jẹun alẹ́ láìpààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n fáàrí wọn ń lọ síbì kan. Albert Ballin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Jámánì, ló ti tètè róye ohun tí ń bọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ Augusta Victoria kì í rí èrò tó bó ṣe yẹ lásìkò òtútù, ló bá kó àwọn ọlọ́lá sínú rẹ̀ ní January 1891, ó gbé wọn káàkiri Òkun Mẹditaréníà, ó sì dá wọn padà sílé. Wọ́n sanwó, wọ́n tún dúpẹ́. Nígbà tí bàálù oníjẹ́ẹ̀tì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná Àtìláńtíìkì lọ́dún 1958, gbogbo ẹni tó ní ibi tó ń lọ fò lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni wọ́n di oníbàárà.

Queen Mary 2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2004, nìkan ló ṣì ń ná ojú ọ̀nà àtijọ́ náà. Ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ pe àwọn èrò inú rẹ̀ ní onígbafẹ́ o. Wọn a fajú ro. "Àwa ò gbafẹ́, òkun là ń là já." Wọ́n wọ kóòtù dúdú, wọ́n so táì olábalábá mọ́rùn, wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rin ohun tí bàálù ń rìn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, wọ́n sì ń fojú pẹ̀lẹ́bẹ́ wo àwọn tó ń yọ̀ tẹ̀ẹ́rẹ́ wọnú adágún.

Ẹni tó mọ òkun, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mau Piailug, ọmọ erékùṣù Satawal ní Micronesia, láàárín Òkun Pàsífíìkì. Ó ṣì kéré jọjọ nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń gbé e sínú omi etíkun, kí ara rẹ̀ lè mọ bí omi ṣe ń fà. Lọ́dún 1976, ó tọ́ ọkọ̀ onígbòkun kan tí ń jẹ́ Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti, nǹkan bíi kìlómítà 4,000, láìsí kọ́ńpáàsì, láìsí àwòrán òkun. Àwọn bàbá ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Lóru, ibi tí ìràwọ̀ ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí ló ń wò. Bí ìkùukùu bá bo ìràwọ̀, ìgbì ló ń tẹ́tí sí: wọ́n ní ó lè dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ kó sì fi ara mọ apá ibi tí omi ti ń gbá a. Tí ẹyẹ tó ń sùn lórí ilẹ̀ bá ń fò lọ nírọ̀lẹ́, ó mọ̀ pé ilé ló ń lọ, ilẹ̀ ò sì jìnnà mọ́.

Onífìlà wa ńkọ́? Wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ kí ìgbì má bàa dà á láàmú. Bó bá mì díẹ̀, ó ti sáré lọ fẹjọ́ sùn. Ó ya kọ́ńpáàsì sí apá, tíntín aláràbarà, kò sì mọ ọ̀nà yàrá rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ti wá ṣàánú irú wọn, wọ́n ya ẹja sára kápẹ́ẹ̀tì ọ̀nà àárín yàrá: ibi tí orí ẹja bá kọ sí, iwájú ọkọ̀ nìyẹn. Mau ń wo ẹyẹ lókè, tiwa ń wo ẹja lábẹ́ bàtà. Bó bá ti mu bíà ju ìwọ̀n lọ, ó lè rí ẹja tó ń padà.

Ìwà yìí sì máa ń ran àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ní June 1995, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Royal Majesty ń ti Bermuda bọ̀ ní Boston. Wáyà èríàlì GPS rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, já, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, àwọn tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ gba èfò gbọ́, nítorí nọ́ńbà ṣì ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ fún ọ̀gákọ̀ pé òun rí àmì ojú omi kan tí kò rí. Máìlì 17 ni wọ́n fi yà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gun yanrìn nítòsí erékùṣù Nantucket ní Amẹ́ríkà, tàwọn ti èèyàn tó lé ní 1,500. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò farapa.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́? Wọ́n ń wá pẹ́pẹ́yẹ. Mi ò purọ́. Àgbàlagbà á di pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà sínú àpótí láti ilé, á máa fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò òdòdó àti sábẹ́ àtẹ̀gùn, kí àgbàlagbà mìíràn lè rí i, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé e sórí Facebook. Àbùùbùtán lè máa kọjá níta, bàbá olórí ewú wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn mìíràn ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ó rò pé ìràwọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò. Rárá o. Wọ́n fẹ́ tẹ́ aṣọ ìnura sórí àga ẹ̀bá adágún, kí wọ́n tó padà lọ sùn.

Ti December 2023 ló wá fọba lé e. Ọkọ̀ Serenade of the Seas gbéra fún ìrìn àjò alẹ́ 274 yí ayé ká, àwọn tó wà nílé sì sọ ọ́ di eré lórí TikTok, wọ́n ń gbè sẹ́yìn àwọn èrò ọkọ̀ tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tí a bá ro ó dáadáa, àwọn tó dùbúlẹ̀ sílé wọ̀nyí ló rí òkun jù, nítorí ẹni tó ń ya ara rẹ̀ ní fídíò fún wọn kọ ẹ̀yìn sí i.