Owó kékeré nìkan kọ́ là ń wò
Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò tówó rẹ̀ kéré jù ló yẹ kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì mú fún ìlera ará ìlú, tí ẹ sì ní ìnákúnàá ni owó oṣù nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Owó àti àbájáde ni wọ́n jọ ń wò. Ká ní ètò kan gba 1,000, tí ẹ̀jẹ̀ ríru èèyàn 5 wálẹ̀. Òmíràn gba 2,000, ẹ̀jẹ̀ ríru èèyàn 40 ló wálẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 200 lórí ẹnì kan, ti èkejì 50 péré. Èwo ló fowó ṣòfò? Owó oṣù nọ́ọ̀sì tí ẹ pè ní ìnákúnàá yẹn, tó bá wà nínú ètò kejì, lè jẹ́ ohun tó mú ìyàtọ̀ yẹn wá, torí nọ́ọ̀sì náà ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè wá sí ọsibítù.