Pátákó 40, wọ́n ní kí n yọ ìdá 30 kúrò: ṣé kí n gbà?

Ìyá Pátákó, Ṣómólú
Ẹ̀yin ará iṣẹ́, ẹ kú ojúmọ́ o. Iléèwé kan ní Sùúrùlérè fẹ́ kí n ṣe pátákó orúkọ kíláàsì 40 fún àwọn. Acrylic (ike líle pẹlẹbẹ) ni, ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, sítíkà la máa fi kọ ọ́. ₦12,000 ni mo ń gbà lórí ẹyọ kan. Wọ́n ní torí pé ó pọ̀, kí n yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé lóṣù yìí, owó ṣọ́ọ̀bù sì ti tó san. Ọkàn mi ń sọ pé kí n gbà. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà
Ẹ gbà á, màámi. Ẹni tó gbé 40 wá lónìí ló máa gbé ti géètì wá lọ́la. Kí ọwọ́ dilẹ̀ ló burú jù.

Akọ̀wé Owó, Yábàá
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ná. Màámi, nínú ₦12,000 yẹn, èló ló ń kù sí yín lọ́wọ́?

Ìyá Pátákó, Ṣómólú
Acrylic, sítíkà àti ìṣó, ₦6,500. Epo jẹnẹrétọ̀ àti iná, ₦1,000. Àwọn ọmọ iṣẹ́, ₦1,500. ₦3,000 ló ń kù.

Akọ̀wé Owó, Yábàá
Ẹ ò rí i? Ìdá 30 nínú ₦12,000 jẹ́ ₦3,600. Ẹ máa ta ohun tí ẹ ná ₦9,000 sí ní ₦8,400. ₦600 lẹ máa fi ta wọ́n lọ́rẹ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ₦24,000 lórí gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe wàhálà tán. Inú èrè yín nìkan ni ẹ̀dínwó ti ń jáde. Ẹni tó ta acrylic fún yín ò ní bá yín pín in.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìnáwó ẹyọ kan ṣírò 40. Mo wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ya dísáìnì, orúkọ la kàn máa pààrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la máa lọ wọn ògiri, ẹ̀ẹ̀kan náà la máa lọ kàn án. Ìnáwó ẹ̀ ò lè rí bákan náà.

Akọ̀wé Owó, Yábàá
Òótọ́ lo sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé. Ohun tí pípọ̀ bá dín kù fún wa ló yẹ ká bá kọ́sítọ́mà pín. Màámi, kí ló máa dín kù?

Ìyá Pátákó, Ṣómólú
Ohun tí kò ní dín ni yíyọ sítíkà. Ọmọ iṣẹ́ mi á tẹ̀ síwájú tábìlì, á fi ṣóńṣó abẹ yọ inú «A» àti inú «B» lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá kánjú, sítíkà á ya, á tún un gé. Pátákó ogójì, ìgbà ogójì ló máa jókòó tì í. Àmọ́ tí mo bá ra acrylic lódindi ṣíìtì, èèlò á bọ́ sí ₦6,000. Iná á bọ́ sí ₦700, owó ọmọ iṣẹ́ sí ₦1,000.

Akọ̀wé Owó, Yábàá
₦7,700 nìyẹn. Ẹ ti rí ₦1,300 fi pamọ́. Ẹ yọ ìdá 10, ìyẹn ₦1,200, kí ẹ gba ₦10,800. Èrè yín á jẹ́ ₦3,100 lórí ẹyọ, ₦124,000 lórí 40. Ẹ dín owó, èrè ò sì dín.

Oníbàárà, Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń ra nǹkan fún iléèwé sọ̀rọ̀. Ohun tó ń mú wa ná ọjà dé ìdá 30 ni pé a ti rí àwọn tó kọ́kọ́ bu owó lé e, kí wọ́n tó wá yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó ní ṣọ́ọ̀bù yín: ẹyọ kan, iye báyìí, tó bá dé iye kan, iye báyìí. Tá a bá ti rí i kọ sílẹ̀, a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Alàgbà Múṣin
Ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ 10, 20, 50 torí pé ó dùn-ún kà. Ṣíìtì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ṣíìtì, pátákó yìí á jáde 16 nínú rẹ̀, tí ẹ bá dín in kù díẹ̀ fún ohun tí iná laser tó ń gé e máa jẹ. Ní 16, 32 àti 48 ni kí owó ti máa wálẹ̀. 40 máa ya ṣíìtì kẹta sí méjì.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà
Bàbá, ìdajì ṣíìtì ò ṣòfò o. Mẹ́rin sí mẹ́rin ni, iṣẹ́ mìíràn á jẹ ẹ́.

Alàgbà Múṣin
Nígbà wo? Mo ní irú ìdajì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, bébà ara rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, tí a bá ń ṣí i, ó ń já wẹ́wẹ́. Owó tó dúró síbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó
Èmi ò ní fọwọ́ kan iye owó rárá. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ₦10,800 lónìí, tí wọ́n bá fẹ́ márùn-ún ní táàmù tó ń bọ̀, ₦10,800 náà ni wọ́n máa ní àwọn mọ̀. Ẹ fún wọn ní èènì, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nídìí gàrí. Pátákó méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ₦15,400 ló máa ná yín. Ìdá 10 máa mú ₦48,000 lọ.

Oníbàárà, Ìkẹjà
Ìyá, iléèwé tó ní kíláàsì 40 ò mọ ibi tó máa kan ìkọkànlélógójì sí. Owó tó dín kù ni a lè fi han àwọn ọ̀gá.

Onífléẹ̀sì, Òṣòdì
Ohun tẹ́ ò tíì sọ ni ọjọ́ orí iye owó. Ní May 2023, mo fún àwùjọ kan ní ẹ̀dínwó lórí fléẹ̀sì (báńà tí a ń tẹ̀) 100, mi ò gba kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kó tó ọ̀sẹ̀ kan, lítà tí kò tó ₦200 ti sún mọ́ ₦500. Mo tẹ iṣẹ́ náà ní iye tí mo ti fẹnu sọ. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ kọ ọjọ́ tí iye owó yín máa parí, kí ẹ sì gba owó èèlò kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ìyá Pátákó, Ṣómólú
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́: ₦10,800 fún 40, ₦10,500 tí wọ́n bá ṣe 48, ọjọ́ márùn-ún péré ni iye owó yìí máa fi dúró, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Wọ́n béèrè ti géètì náà. Mo ya iyẹn sọ́tọ̀, torí owó tí LASAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó pátákó, máa gbà lórí pátákó ìta kì í ṣe tèmi láti dín.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ó dáa. Àmọ́ ẹ ṣe ti ẹnu ọ̀nà ọ̀gá iléèwé fún un lọ́fẹ̀ẹ́, màámi. Ìyẹn ò nílò kíláàsì.