“Ẹ ṣáà kó gbogbo ẹ̀ wọlé”: irọ́ tó ń ba àwa tá à ń ta ilẹ̀ lórúkọ jẹ́

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé àwa éjẹ́ǹtì ní Ajah, ẹ̀gbọ́n kan dìde, ó gba máìkì, ó ní òun fẹ́ là wá lójú. Ó ní gbogbo wàhálà tí àwọn kan ń ṣe lórí kíkó orúkọ oníbàárà kúrò nínú CRM (sọ́fítíwíà tá a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà) lọ sínú sọ́fítíwíà tá a fi ń fi ímeèlì polówó, àìmọ̀kan ni. “Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Export sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Import sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà kó gbogbo ẹ̀ wọlé! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí. Bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe máa tà tó.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn mi tiẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ìgbà mẹ́rin ni mo ti gbọ́ ọ lọ́dún yìí, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn kan náà. Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé garawa méjì ló wà nílẹ̀, tí èèyàn kàn fẹ́ da omi ọ̀kan sínú èkejì. Irọ́ ni. Ohun tó jẹ́ kí ó dá mi lójú ni pé èmi náà gbà á gbọ́ rí, mo sì jẹ ìyà ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ń ta ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lekki. Orúkọ tó wà nínú CRM wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 4,000, èmi ni wọ́n sì ní kí n kó o. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo tẹ Export, fáìlì CSV kan jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ onílà-onílà tí Excel lè ṣí. Mo gbé e wọ inú sọ́fítíwíà ímeèlì, àmì aláwọ̀ ewé yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ó ti wọlé, mo lọ sùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè, a fi ìpolówó ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pátá: pulọ́ọ̀tì kan ní Ẹ̀pẹ́, ₦2,500,000, ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Kò tíì tó aago mẹ́wàá tí màmá kan fi pè mí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ẹsíteètì yẹn gan-an ni wọ́n ti ra ilẹ̀ ní ₦3,500,000, oṣooṣù ni wọ́n ń san án, ó sì ku ìgbà méjì kí wọ́n parí. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, mo ń wo fóònù mi níbí o. Ṣé èmi nìkan lẹ rí rẹ́ jẹ ni?” Ẹnu mi wọ̀. N ò bá tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi lẹ́yìn tí màmá gé fóònù ni pé báwo ni orúkọ wọn ṣe débẹ̀. Nínú CRM, ó hàn gbangba pé wọ́n ti ra ilẹ̀, ó hàn iye tí wọ́n ti san, ó hàn iye tó kù. Mo wá ṣí fáìlì tí mo kó jáde. Orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, déètì tá a kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ó tán. Ilẹ̀ tí wọ́n rà ò sí níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san ò sí níbẹ̀. Nínú fáìlì mi, màmá tó ti san owó oṣù méjìlá àti ẹnì kan tó kàn béèrè iye ilẹ̀ lórí Instagram tí ò sì fèsì mọ́, ẹni kan náà ni wọ́n.

Ibi tí àwọn “ẹ ṣáà kó o” kì í dé nínú àlàyé wọn nìyẹn. Bí CRM tí wọ́n fi ń ta ilé àti ilẹ̀ ṣe ń tọ́jú nǹkan yàtọ̀ pátápátá sí bí sọ́fítíwíà ímeèlì ṣe ń tọ́jú u. Nínú CRM, èèyàn wà lọ́tọ̀, ohun tó fẹ́ rà tàbí tó ti rà wà lọ́tọ̀, okùn kan ló so wọ́n pọ̀. Bọ̀dá kan lè ní pulọ́ọ̀tì méjì ní Ẹ̀pẹ́ tó ti sanwó ẹ̀ tán, kó ní ẹyọ kan ní Mowe tó ṣì ń san, kó sì tún jẹ́ pé òun ni lanlọ́ọ̀dù ilé kan tá à ń bá a gba owó rẹ́ǹtì ẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo. Sọ́fítíwíà ímeèlì ò mọ ìyẹn. Àdírẹ́sì kan, ìlà kan. Tí o bá kó ìlà mẹ́rin tó ní àdírẹ́sì kan náà wọ inú ẹ̀, èyí tó bá wọlé kẹ́yìn ló máa bo àwọn tó ṣáájú mọ́lẹ̀, kò sì ní sọ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ CRM, fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fi kó àwọn èèyàn jáde, fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fi kó ọjà tí wọ́n rà. Ẹni tó bá kó ẹyọ kan, ìdajì ló kó.

Ti àdírẹ́sì kan náà yìí, ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ohun tá à ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo to fáìlì yẹn ní títò A dé Z, mo rí ímeèlì éjẹ́ǹtì wa kan níwájú orúkọ oníbàárà 41. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀rù ń bà á pé tí ilé-iṣẹ́ bá ní àdírẹ́sì oníbàárà, wọ́n á gba ẹ̀yìn òun tà fún un, kọmíṣọ̀n òun á sì lọ. Ó bá ń fi tiẹ̀ sí i. Oníbàárà 41 nínú CRM di ẹyọ kan nínú sọ́fítíwíà ímeèlì, orúkọ ẹni tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn ló sì jẹ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, éjẹ́ǹtì wa gba ìwé tó kí i ní “Ẹ káàárọ̀, Alhaja”.

Nǹkan tó tún burú jùyẹn lọ ni àwọn “nil”, “noemail” àti “abc” tí wọ́n lẹ gmail mọ́ nídìí. CRM ní dandan ni kí èèyàn fi ímeèlì sí i kó tó lè kúrò lójú ewé yẹn. Akọ̀wé wa ò rí ímeèlì, oníbàárà kejì ń dúró níwájú ẹ̀, kí ló máa ṣe? Ó tẹ ohun tó wá sí i lọ́wọ́. Nínú CRM, kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí fóònù la fi ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tá a fi ímeèlì ránṣẹ́ ni gbogbo wọn ń padà wá bí ẹyẹlé. Ìwé tó bá sì ń padà wá lọ́pọ̀ báyìí, òun gan-an làwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba ímeèlì wọlé, bíi Gmail, máa ń wò láti fi mọ ẹni tí ò mọ àwọn tó ń kọ̀wé sí.

Ó wá ku Alhaji kan. Wọ́n ti sọ fún wa lọ́dún tó ṣáájú pé ká má ránṣẹ́ sí àwọn mọ́ láé, torí aáwọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìpín ilẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ o. Inú àpótí Notes la kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Notes ò bá fáìlì jáde. A tún fi ìwé ránṣẹ́ sí Alhaji. Lọ́yà wọn ló fèsì.

Ẹ má rò pé eré ni tìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ nígbàkigbà pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìsọfúnni òun polówó ọjà fún òun. Tó bá ti sọ ọ́, ó di èèwọ̀. Ìtanràn ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì lè dé ₦10,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Fún àwọn kéékèèké, ₦2,000,000 tàbí ìdá méjì yẹn náà. Ṣé ilẹ̀ mélòó lèèyàn fẹ́ tà kó tó rí ₦2,000,000 san?

Ká tiẹ̀ ní ẹnì kankan ò pè yín lẹ́jọ́, Gmail ò ní gbà fún yín. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú un le. Ẹni tó bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Gmail, wọn ò fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ “spam” (pé ìwé tí àwọn ò fẹ́ ni) lé e lórí tó 3 nínú 1,000. Wọ́n tiẹ̀ ní ká sapá kó má ju 1 lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀: nínú 4,000 tiwa yẹn, èèyàn 12 péré ló lè bà á jẹ́. Àwọn oníbàárà wa tó wà lókè òkun, ní Peckham àti Houston, tí ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé pé àwọn béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà tí wọ́n wálé ní Dìsẹ́ńbà, ọwọ́ wọn ò jìnnà sí bọ́tìnnì yẹn rárá. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìpolówó nìkan ló máa lọ sínú spam. Rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá tó ń san díẹ̀díẹ̀, inú ibẹ̀ lòun náà ń lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló tún ń lo àdírẹ́sì Gmail lásán fún ilé-iṣẹ́, tá a sì máa ń fi àdírẹ́sì yẹn sí iwájú ìwé tí sọ́fítíwíà mìíràn ń bá wa fi ránṣẹ́. Google ti sọ pé àwọn ò fẹ́ kí sọ́fítíwíà ẹlòmíì máa fi àdírẹ́sì Gmail ránṣẹ́. Ẹ ra dóméènì tiyín (orúkọ ilé-iṣẹ́ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), kẹ́ ẹ fi SPF àti DKIM sí i, ìyẹn ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ìwé ti wá. Èmi ò ní àlàyé kankan ṣe lórí ìyẹn mọ́.

Wọ́n á ní, “Ṣebí ẹnì kan kó gbogbo ẹ̀ wọlé, ó sì ta pulọ́ọ̀tì márùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn?” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà, ṣùgbọ́n òun lè máa sọ pé òun ta nǹkan. Wọ́n á tún ní sọ́fítíwíà fúnra ẹ̀ sọ pé ó rọrùn. Ta ló fẹ́ kó sọ pé ó le? Ọ̀pọ̀ wọn, iye orúkọ tó wà lọ́dọ̀ yín ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ yín.

Excel náà ò gbẹ́yìn. Ẹ tẹ CSV lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, 0 tó wà níwájú nọ́ńbà fóònù á ti fò lọ. Tó bá jẹ́ 234 lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ máa bá 2.34803E+12 níbẹ̀, ẹ bá sì ṣì í fipamọ́ báyẹn, nọ́ńbà ọ̀hún ti lọ nìyẹn. Orúkọ tó ní àmì ńkọ́? Ẹ fipamọ́ bíi CSV lásán dípò CSV UTF-8 (èyí tó ń pa àmì mọ́), Ṣọlá á di “??lá”. Mo ti rí ìwé tó kí èèyàn ní “Ẹ káàárọ̀, ??lá”. Ilẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta la fẹ́ kó rà lọ́wọ́ wa o.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà mí. Àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ mọ́ ni mo kọ́kọ́ ń kó wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti jáde, kí sọ́fítíwíà má bàa fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn tún yọ níbòmíì. Màá ka Notes lójú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Oorun máa ń kùn mí níbẹ̀. Màá kó fáìlì àwọn èèyàn àti fáìlì ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n tó fi àmì sára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ó ti ra, ó ń san, ó kàn béèrè, lanlọ́ọ̀dù. Ímeèlì éjẹ́ǹtì, mo yọ ọ́. “Nil”, mo yọ ọ́. Ìlà 20 ni màá kọ́kọ́ fi dán an wò, orúkọ tèmi àti ti ìyàwó mi á wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ti ju ọdún kan lọ tó ti bá wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, a máa pè é lórí fóònù bóyá ó ṣì fẹ́. Nígbà tí mo tún tiwa ṣe, nínú 4,000 yẹn, ohun tó kù lọ́wọ́ mi fi díẹ̀ lé ní 1,300. Ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àmọ́ àwọn tó fèsì sí ìwé wa tó tẹ̀ lé e ju àwọn tó fèsì nígbà tó jẹ́ 4,000 lọ.

Ó dáa, ẹni tó bá jẹ́ 60 orúkọ péré ló ní, tó mọ gbogbo wọn lójú, ó lè kó wọn wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó má sì sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó di máìkì mú ní Ajah ò ní 60.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ráìsì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fáìlì yín kẹ́ ẹ to òpó ímeèlì yẹn ní A dé Z fún mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù síwájú, wọ́n tò ó. Àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló gba ojú kọ̀ǹpútà kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i lọ sísàlẹ̀, ó ṣì kù. Wọ́n pa láptọ́ọ̀pù dé, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé wọ́n ti fún ẹ lẹ́ran?”