Ẹ tètè dárúkọ ara yín kí ọmọ tó sùn nílé àjèjì

Bí káńsù ní England bá fẹ́ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ pa wá lẹ́nu mọ́. A kì í fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ìgbà tí etí àbúrò màmá rẹ̀ á fi gbọ́ ọ, ọmọ ti wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọ̀sẹ̀ 26 ni òfin là sílẹ̀ kí kóòtù parí irú ẹjọ́ yìí. Ìbátan tó bá yọjú ní ọ̀sẹ̀ 20, báwo ni àyè á ṣe gbà á? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ránṣẹ́ sí social worker (òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ), pẹ̀lú àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti bí oníkálukú ṣe bá ọmọ tan. Ẹ tún bèèrè fún ìpàdé ẹbí, èyí tí wọ́n ń pè ní family group conference. Ẹni tí kò ní yàrá lè ní òun á máa lọ mú un níléèwé. Ìyẹn náà wúlò.

Káńsù lè fún ìbátan láṣẹ ọ̀sẹ̀ 16 kí ọmọ máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ìwádìí á fi parí. Ibi tí ìwádìí yìí ti sábà ń bàjẹ́ ni àgbàlagbà kan tí ẹ kò dárúkọ, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé ìbátan náà. Ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Bí social worker bá gbé ọmọ wá lóru, tó ní "ẹbí yín ṣáà ni", ẹ bi í pé: ṣé káńsù ló fi ọmọ síbí lábẹ́ Section 20 òfin Children Act 1989, àbí ẹbí ló ṣètò fúnra wọn? Ẹ gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ káńsù, ó yẹ kí wọ́n san owó ìtọ́jú fún yín bí wọ́n ṣe ń san án fún alágbàtọ́ yòókù. Bó bá jẹ́ ẹbí, wọ́n lè sọ pé kò kàn wọ́n.

Òfin wọn ò sì mọ àǹtí bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Òbí àgbà, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí (àti ọkọ tàbí ìyàwó wọn), ọkọ ìyá àti ìyàwó bàbá nìkan ni ìbátan tímọ́tímọ́. Bí ìyá yín àti ìyá ìyá ọmọ bá jẹ́ ọmọ ìyá, ẹ kò sí nínú wọn. Nítorí náà, bí òbí bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kò sí nínú wọn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, láàárín wákàtí 48.

Bí wọn ò bá tilẹ̀ gbé ọmọ fún ẹbí, ẹ kọ ojú ìwé kan fún alágbàtọ́: bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, òróró tí wọ́n ń fi pa irun rẹ̀ kí wọ́n tó yà á, oúnjẹ tí kì í bá a lára mu, oríkì tí ìyá àgbà fi ń jí i. Alágbàtọ́ tó fẹ́ràn ọmọ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.